Ohun Tí Bàámi Kọ Sí Ẹ̀gbẹ́ Ìwé

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn, ẹ kú gbogbo wàhálà ojú Bàámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Yábàá níbí. Mo kí Bàámi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ àná la sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Mo kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ yín. Mo kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, pàápàá àwọn tí wọn kò jẹ́ kí ẹ dáná láti ìgbà tí ẹ ti ti ọsibítù dé. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọbẹ̀ tán níkòkò tiwọn náà.

Ẹ má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ bi mí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mi ò rí i dáhùn lórí fóònù. Ẹ fi oríkì mi pè mí, ẹ ní, "Àbẹ̀kẹ́, báwo lo ṣe wà ní Èkó tí o fi mọ̀ pé ojú bàbá rẹ ń ṣú, tí èmi tí a jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà kò mọ̀?" Mo dákẹ́. Ẹ rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló já, ẹ ń ké "háló, háló". Nẹ́tíwọ̀kì kò já, Màámi. Èmi ni mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Mo gbọ́ bí ohùn yín ṣe rí nígbà tí ẹ ń béèrè, mo sì mọ̀ pé bí mo bá fi ọ̀rọ̀ kúkúrú dáhùn, kò ní tán nínú yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo gbà kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde kí ẹlòmíràn náà kà á. Bàámi mọ̀ sí i. Wọ́n ní kí n ṣáà má dárúkọ ìlú wa. Mo bi wọ́n pé ṣé kò ní tì wọ́n lójú. Wọ́n ní àwọn bàbá pọ̀ nílẹ̀ tí ọmọ wọn ń pè láti ọ̀nà jíjìn pé báwo ni ara, tí wọ́n ń dáhùn pé dáadáa ni. Wọ́n ní bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn bá ka lẹ́tà yìí, kó tún ìbéèrè náà bi bàbá rẹ̀.

Màámi, mi ò tíì sọ fún yín rí bí Èkó ṣe rí fún mi gan-an. Tí ẹ bá pè, mo máa ń ní iṣẹ́ ń lọ, mo ti jẹun, òjò ń rọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ mi nínú ọ́fíìsì wa ni pé bí ènìyàn bá ra ọjà lórí fóònù, tí ọjà náà kò dé, tàbí tó dé tó ti fọ́, èmi ni yóò kọ̀wé sí. Màá kọ èsì padà sí i pẹ̀lú sùúrù, màá bá a kẹ́dùn. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí a jọ jókòó náà ń ṣe tiwọn, kálukú ti fi nǹkan dí etí. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé tí mo bá dúró ra búrẹ́dì ní Sábó nígbà tí mo ń lọ sílé, ohùn tí mo fi sọ pé "ẹ fún mi ní kékeré" ni ohùn àkọ́kọ́ tí ó máa jáde lẹ́nu mi láti òwúrọ̀. Ó máa ń há. Oníbúrẹ́dì á ní, "Kí lẹ wí?" Màá tún un wí.

Ẹni tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi, mo mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, mo mọ òórùn ọbẹ̀ rẹ̀, mo mọ orin tó ń kọ tó bá ń fọ abọ́. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà òjò, omi máa ń gba gbogbo ojú títì wa, gbogbo wa á sá sábẹ́ òrùlé kan náà ní ẹnu ọ̀nà, a ó bọ́ bàtà dání, kálukú á máa wo fóònù rẹ̀. Òjò á dá, a ó tú ká. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó dàbọ̀.

Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè sunkún o. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ Bàámi jẹ́ fún mi.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo ń bọ̀ ní Èkó. Ẹ̀yin ti gbàdúrà, ẹ ti di gàrí àti ẹja gbígbẹ sínú báàgì mi, ẹ ti kì mí títí ojú fi ń tì mí láàárín èrò. Bàámi kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ọ̀rọ̀ kì í yọ lẹ́nu wọn níwájú ọmọ tiwọn. Ní gáréèjì, wọ́n ṣáà ń wo táyà ọkọ̀ bí ẹni pé àwọn fẹ́ rà á. Ìgbà tí mo fẹ́ wọlé sínú ọkọ̀ ni wọ́n na fóònù wọn sí mi. Wọ́n ní kí n gbé ohun tí èmi fi ń kàwé sórí rẹ̀ fún àwọn. Ọdún yẹn náà ni ikán jẹ ìwé wọn tán nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo gbé áàpù náà sí i, mo fi orúkọ kan náà ṣí i fún àwa méjèèjì, tó fi jẹ́ pé ìwé tí mo bá fi sórí fóònù tèmi á yọ lórí tiwọn, èyí tí wọ́n bá sì ń kà, èmi náà á rí i.

Nínú áàpù yẹn, bí ènìyàn bá tẹ ìka mọ́ ìlà kan pẹ́ díẹ̀, àyè kékeré kan á ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ènìyàn lè kọ ohun tó wù ú sí. Èmi kọ́ ni mo fi han Bàámi. Wọ́n wá a rí fúnra wọn. Mò ń ka ìtàn ọkùnrin kan tó ń tukọ̀ lójú ọ̀sà lọ́jọ́ kan, mo dé ibi tí ìjì ti bẹ̀rẹ̀, mo wá rí àmì pupa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni: "Ìbídùn, ṣé ò ń jẹun?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń pe ènìyàn lórí fóònù. "Ṣé àlàáfíà ni? Ó dáa. Ìyá rẹ rèé." Wọ́n á sì ti gbé e fún yín. Àṣé ọ̀rọ̀ wà níkùn wọn. Níbi tí ìtàn ti ń ròyìn ọkùnrin olóríkunkun kan, wọ́n kọ ọ́ sí i pé, "Bàbá tèmi gan-an nìyí." Níbi tí òjò ti ń rọ̀ nínú ìwé: "Òjò rọ̀ níbí náà. Ìyá rẹ kò jẹ́ kí n jáde, ó ní òtútù á mú mi." Níbi tí ọmọbìnrin kan ti di ẹrù rẹ̀ tó kúrò nílé, wọn kò kọ ju "Hùn" lọ. Èmi náà á kọ èsì sábẹ́ rẹ̀. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò ní tíì bọ́ bàtà tí màá ti ṣí i wò. Ìyẹn ni mo fi ń gbé Èkó, Màámi.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀rọ̀ náà dín kù. Èyí tó gùn di kúkúrú. Kúkúrú di "Ó dára." Bí mo bá fi ìwé tuntun síbẹ̀, "Ó dára" nìkan ni màá rí lójú ewé àkọ́kọ́, kò ní sí òmíràn títí ìwé á fi parí. Nígbà tí ọyẹ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀, kò sí nǹkan kan mọ́. Mo rò pé mo ti sú wọn. Mo padà lọ ka gbogbo èsì tí mo ti kọ, mò ń wá èyí tó lè dùn wọ́n. Mi ò bi wọ́n. Ọmọ wọn náà ni mí, Màámi. Èmi náà kì í mọ bí a ti ń béèrè.

Ìgbà náà ni àwọn tó ni áàpù kọ̀wé sí gbogbo wa pé àwọn ń kógbá sílé. Wọ́n dá ọjọ́, wọ́n ní kí oníkálukú kó ìwé rẹ̀ jáde kí ọjọ́ náà tó pé. Mo wá áàpù mìíràn, mo sì sọ fún Bàámi pé mò ń kó ìwé wa lọ síbẹ̀. Mo kó gbogbo ìwé wa pọ̀ sínú àpò kan ṣoṣo, mo sì kó wọn wọlé síbi tuntun.

Wọ́n wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé orí fóònù kì í dá rìn. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ń tẹ̀ lé e tó ń sọ irú ìwé tó jẹ́: àkọlé rẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àwòrán ara èèpo rẹ̀, ibi tí a kà á dé. Ìwé wọlé ní pípé, àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ló dàrú. Èèpo ìwé oúnjẹ sísè lọ bo ìwé ìtàn. Ìwé tí a ti kà tán ń sọ pé a kò tíì ṣí òun. Àwọn ìwé Yorùbá ló jìyà jù. Gbogbo lẹ́tà tó bá ní àmì lórí tàbí tó ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, áàpù tuntun kò mọ̀ ọ́n, ó ń fi àmì ìbéèrè dípò rẹ̀. Òǹkọ̀wé kan wà tó ń jẹ́ Ọ̀ṣọ́. Kò ku lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ ẹni ẹlẹ́ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí tún un ṣe. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá ṣí ìwé kan, màá wo ojú ewé tí orúkọ wà, màá tún un tẹ̀ lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Bàámi ló kọ́ mi ní àmì ohùn, kó tó di pé olùkọ́ kankan dé ibẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí kò bá lè fi àmì sórí orúkọ ara rẹ̀ kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀. Mo gbádùn iṣẹ́ yẹn, Màámi. Mò ń sọ lọ́kàn mi pé bí mo bá tún un ṣe tán, tí wọ́n ṣí i tí wọ́n rí i bó ṣe wà létòlétò, bóyá wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí mi.

Ọjọ́ tí mo parí, mo lọ sínú ìtàn atukọ̀ yẹn láti lọ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo dé ibi ìjì. Kò sí àmì pupa. Mo ṣí ìwé mìíràn, kò sí. Mo ṣí gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ Bàámi kò sí nínú ẹyọ ìwé kan, tiwọn kò sí, tèmi kò sí. Mo sáré padà sínú áàpù àtijọ́, kò ṣí mọ́, ọjọ́ tí wọ́n dá ti kọjá. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni ín. Wọ́n fèsì. Irú èsì tí èmi náà máa ń kọ sí ẹni tí ọjà rẹ̀ fọ́ ni: wọ́n bá mi kẹ́dùn, wọ́n dúpẹ́ pé mo jẹ́ oníbàárà àwọn, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe.

Ẹnì kan wà níbi iṣẹ́ wa tí à ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Wálé. Àwọn ló ń tún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ṣe. Wọ́n rí ojú mi lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí ló dé. Mo ní kò sí nǹkan. Wọ́n ní àwọn kò bi mí pé ṣé nǹkan wà, kí ló dé làwọn bi mí. Ni mo bá sọ ọ́. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n gbé àpò ìwé náà wá sílé àwọn ní Sátidé, kí àwọn bá mi tú u wò.

Pápá Àjàó ni wọ́n ń gbé, ní Muṣin. Mo wọ kéké lọ. Àwọn tó ń jó irin wà nísàlẹ̀ ilé wọn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ariwo bá ara wa sọ̀rọ̀. Ìyàwó wọn, Ìyá Tómi, kò rí mi rí láyé, síbẹ̀ kí n tó jókòó dáadáa, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ti wà níwájú mi. Wọ́n fa àga jókòó tì mí. Wọ́n bi mí pé ọmọ ibo ni mí, pé ta ló ń bá mi gbé, pé bí ara mi kò bá yá, ta ló máa mọ̀. Mo fi oúnjẹ dí ẹnu mi. Láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín, kò sí ẹni tó jókòó tì mí kí n jẹun.

Ẹ̀gbọ́n Wálé tú àpò náà sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n wá inú rẹ̀ títí tí iná fi lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n tún ń wá a. Nígbà tó pẹ́, wọ́n yí àga wọn kọjú sí mi. Wọ́n ní, "Ìbídùn, àwọn ọ̀rọ̀ yẹn kò sí níbí. Kò tilẹ̀ wọ inú àpò yìí rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ni áàpù ló wà, wọ́n sì ti pa ẹ̀rọ wọn. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." Mo fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n wá rọra bi mí pé ìgbà wo ni bàbá mi kú.

Mo ní bàbá mi kò kú o. Wọ́n wà nílé.

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo ìyàwó wọn. Wọ́n ní, "Wọ́n wà láàyè? Kí lo wá ń wá nínú kọ̀ǹpútà? Pè wọ́n!"

Mo pè wọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ ti lọ sí ìdánrawò orin, àwọn nìkan ló wà nílé. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe kó ìwé, bí àkọlé ṣe dàrú, bí mo ṣe tún un ṣe. Mo ní, "Bàámi, ẹ má bínú, gbogbo ohun tí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ti lọ."   Wọ́n ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

Ó gún mi lọ́kàn. Mo bi wọ́n pé ọpẹ́ kí ni. Mo gbọ́ tí wọ́n jókòó sórí àga. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Láti ìgbà tí o ti sọ pé ò ń kó ìwé lọ síbi tuntun lẹ̀rù ti ń bà mí. Ti àtijọ́ yẹn, mo ti mọ ibi tí mo máa fọwọ́ sí. Bí mo bá tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́, fóònù fúnra rẹ̀ á gbé 'Ó dára' wá. Ti tuntun yìí, mi ò ní mọ ibi tí mo máa tẹ̀, wàá sì mọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti lọ, o ò ní máa retí ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ mi mọ́. Ìbídùn, mi ò rí lẹ́tà mọ́."

Màámi, ìdáhùn yín rèé. Wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ bí èéfín. Wọ́n dá eruku ọyẹ́ lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, àwọn lẹ́tà ń rìn bí èèrà, lẹ́yìn náà, kò sí lẹ́tà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ní kí wọ́n ka nǹkan, tí wọ́n ní dígí àwọn wà ní yàrá kejì, wọn kò wá dígí. Ìgbà tí wọ́n kọ̀ láti ka ẹ̀kọ́ Bíbélì mọ́ nínú ìjọ, tí ẹ ní wọ́n ń bá àlùfáà ṣe ìlara, ojú ni. Tí ẹ bá jọ ń jáde, tí wọ́n ní kí ẹ máa lọ níwájú, aṣọ yín ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ẹ ò mọ̀ nítorí pé ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń fi í pa mọ́ fún. Gbogbo ọgbọ́n orí wọn, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ná an sí. Wọ́n ní ẹ fi ọdún gbọọrọ di ìyá yín lọ́wọ́ mú nígbà tí ojú tiwọn fọ́, títí tí wọ́n fi kú, àwọn kò fẹ́ kí ẹ tún di ọ̀pá fún ẹlòmíràn. Èmi tí mo wà lọ́nà jíjìn, wọn kò múra sílẹ̀ dè mí. Ìdí tí mo fi mọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé mo sún mọ́ wọn jù yín lọ.

Wọ́n ní kí n má sọ fún yín. Mo ní kí wọ́n lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ó di ọ̀la. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe, ni mo bá ní ṣé kí n máa kàwé sí wọn létí. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ibo la bá ìtàn yẹn dé?"

Bó ṣe di pé à ń pe ara wa lójoojúmọ́ nírọ̀lẹ́ nìyẹn, tí ẹ ń bi mí pé kí ni àwa méjèèjì rí sọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Màá ka ojú ewé kan, Bàámi á dá mi dúró. Wọ́n á ní òǹkọ̀wé yìí ń parọ́, ẹja yẹn kì í gbé inú ọ̀sà. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ yìí mú àwọn rántí ọjọ́ tí àwọn kọ́kọ́ rí yín, tí ẹ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rù tí ẹ ò jẹ́ kí àwọn bá yín sọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a kì í ka ju ojú ewé kan lọ. Oníbúrẹ́dì Sábó sọ fún mi pé ohùn mi ti là. Inú mi dùn, Màámi, nígbà tí ojú Bàámi ń ṣú. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe burú tó. Bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọjọ́ kan ni wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú kòtò omi lẹ́yìn ilé. Wọ́n ń fi í ṣe ẹ̀rín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. A ti dé ibi tó dùn jù nínú ìwé, wọ́n ti ń jà sórí ẹni tó ni ọkọ̀. Mo ní mi ò ní ka ìlà kan sí i àfi tí wọ́n bá sọ fún yín. Wọ́n ní ṣé mò ń bá àwọn ṣeré ni. Mo ní rárá, sà. Wọ́n bínú. Wọ́n ní àwọn kò bí mi kí n wá máa fi ìwé dá àwọn lóró. Wọ́n pa fóònù.

Wọn kò pè mí lọ́jọ́ kejì. Mo pè, wọn kò gbé e. Ọjọ́ bíi mélòó kan lọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo àdáwà tí mo ti rí ní Èkó, kò sí èyí tó dà bí ti àwọn ọjọ́ yẹn. Màá ti ibi iṣẹ́ dé, màá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹni òdìkejì á máa kọrin tó bá ń fọ abọ́. Mo ronú pé kí n pè wọ́n kí n ní ó tó, kí n máa kà á lọ. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí ẹ pè. Ẹ̀ ń sunkún, ọ̀rọ̀ ò já gaara. Ẹ ní wọ́n wá jókòó tì yín níbi tí ẹ ti ń ránṣọ, wọ́n ní, "Aṣọ aláwọ̀ wo lò ń rán?" Ẹ ní ṣé wọn ò rí i ni. Wọ́n ní àwọn kò rí i. Wọ́n ní kí ẹ di ọwọ́ àwọn mú lọ sí ọsibítù. Mo dìde láàárín ọ́fíìsì, mo sì sunkún sókè. Gbogbo àwọn tí a jọ jókòó yọ nǹkan tó wà létí wọn.

Ìyókù, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Dókítà ní ojú òsì ti lọ, pé bí a bá tètè wá ni, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tún ni wọ́n ká awọ funfun ara rẹ̀ kúrò. Mo bẹ ọ́fíìsì kí wọ́n jẹ́ kí n wá, wọn kò fún mi láyè; owó tí mo fi ránṣẹ́ nìkan ni mo rí ṣe. Ẹ má béèrè ibi tó ti wá. Mo gbọ́ pé Bàámi ti ń rí ọwọ́ ara wọn, pé wọ́n mọ òwú pupa yàtọ̀ sí dúdú. Dókítà ní kò dájú pé wọ́n á lè ka lẹ́tà kékeré mọ́.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín nǹkan kan, Màámi. Àpọ̀nlé tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ti bá mi gbé áàpù tuntun náà sórí fóònù yín. Èmi ni mo ní kó má tíì sọ. Ẹ ó rí àwòrán kékeré kan tó dà bí ìwé tó ṣí sílẹ̀. Àwọn ìwé náà wà níbẹ̀, lẹ́tà wọn tóbi, àkọlé kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ lórí, ẹ ò ní kọsẹ̀. Ẹ má sọ pé Bíbélì àti ìwé orin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n kà. Bàámi sọ fún mi pé lọ́jọ́ àwọn ìyá tí ẹ ka ẹ̀kọ́ kejì, tí ẹ rò pé oorun ń kun àwọn, oorun kọ́, ohùn yín ni àwọn di ojú sí. Wọ́n fẹ́ kí ẹ máa kàwé fún àwọn. Wọn kò lè bẹ̀ yín. Wọ́n ní láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ra, àwọn ló ń kà, ẹ̀yin lẹ ń gbọ́, àwọn kò mọ bí àwọn ṣe máa yí i padà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ yín. Ẹ ṣáà jókòó tì wọ́n kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní máa pè mí lójoojúmọ́ mọ́. Mo ti rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́. Bí oòrùn bá wọ̀ ní Yábàá tí fóònù mi kò dún, màá mọ̀ pé ẹ wà lórí ìwé.

Kí Ọlọ́run dá ojú tó kù sí fún Bàámi. Kí ó má jẹ́ kí ẹ di àjèjì sí ara yín nínú ilé kan náà. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti kékeré àti àgbà, ẹ kí àwọn ará àdúgbò, ẹ kí ẹni tó bá bá yín ka lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Ìbídùn Àbẹ̀kẹ́,
ọmọ yín.